Owó Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta, Iṣẹ́ Oṣù Mẹ́jọ: Bí Ọmọ Ẹgbẹ́ Tí Rọpárọsẹ̀ Kọlù Ṣe Ń Padà Sẹ́sẹ̀

Ó ti pẹ́ tí a ti ń kígbe létí yín nípa fáúṣà tí kò ní ọjọ́ àti fáúṣà tí kò ní ìbuwọ́lù. Ọ̀rọ̀ fáúṣà náà ni ó tún gbé wa dé ibi tí a fẹ́ bá yín lọ lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ni a bá níbẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò ní ìlú kan tí koko pọ̀ sí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí a ti ń wo fáúṣà ẹ̀yáwó lọ́kọ̀ọ̀kan, a kan ti ọmọ ẹgbẹ́ kan, àgbàlagbà ẹni ọdún 67. Láti ọdún 1994 tí Bàbá yìí ti wọ ẹgbẹ́ ni ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lùwé. Ìbuwọ́lù tó gún régé ni, ó sì máa ń fa ìlà gbọọrọ kan sí abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí fáúṣà oṣù kẹfà àti ti oṣù keje, ìtẹ̀ka ni a rí. Ẹni tí ó mọ̀wé kì í ṣàdédé máa tẹ̀ka. A pe akọ̀wé, a ní kí ó wá ṣàlàyé.

Akọ̀wé ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Rọpárọsẹ̀ ni ó kọlu Bàbá ní oṣù kẹrin. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọsibítù ni a ti ń gbé fáúṣà lọ bá wọn."

Ọ̀rọ̀ kejì tún wà nínú ìwé náà. Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ yá ju ìlọ́po méjì owó tí ó fi pamọ́ lọ. Bàbá ti yá owó kan ní oṣù kẹrin, kò tí ì san kọ́bọ̀ níbẹ̀, ìgbìmọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yá a ní òmíràn láti oṣù kẹfà, tí àpapọ̀ rẹ̀ yóò kọjá ààlà. A kọ ìbéèrè sí ìwé wọn, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wa ti gbà. Alága ka ìbéèrè náà, ó ṣí gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní kí a tó gba èsì lórí tákàdá, kí a kọ́kọ́ bá òun dé ọsibítù ní ọjọ́ kejì. A lọ. Ohun tí a rí níbẹ̀, àti ohun tí a ti kọ́ láti ìgbà náà wá, ni a fẹ́ ṣàlàyé fún yín, nítorí kò sí ẹgbẹ́ kan nínú àjọ wa yìí tí irú ọ̀ràn báyìí kò lè kàn.

Àwọn baba wa mọ àìsàn yìí. Wọ́n ń pè é ní ẹ̀gbà tàbí àrùn rọpárọsẹ̀, nítorí apá àti ẹsẹ̀ ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n apá kọ́ ni ó ń ṣàìsàn, ẹsẹ̀ kọ́ ni ó ń ṣàìsàn. Inú orí ni ọ̀ràn wà. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ lọ fún ọpọlọ, inú àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó sì ń gbà lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí ọ̀kan nínú àwọn iṣan wọ̀nyí, tàbí tí iṣan náà bá bẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ibi tí ó ń bọ́ nínú ọpọlọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọpọlọ apá òsì ni ó ń pàṣẹ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ti apá ọ̀tún ni ó ń pàṣẹ fún òsì. Ọpọlọ òsì yìí kan náà ni ó ń ṣètò ọ̀rọ̀ sísọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá rọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sábà máa ń bá a lọ. Ẹ wò ó bí ẹgbẹ́ tí olú-ilé rẹ̀ jóná: ẹ̀ka wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ wà níbẹ̀, ara wọn le, ṣùgbọ́n àṣẹ kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún un jù. Ìwádìí ńlá kan wà tí àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn ṣe aṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Wọ́n fi ènìyàn tó lé ní 2,000 tí rọpárọsẹ̀ kọlù wé iye kan náà tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣáájú gbogbo ohun tí wọ́n rí. Ọ̀rá tó burú nínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tí a ti sè tán, àti àìjẹ ẹ̀fọ́ tó wà lára àwọn yòókù. Wọ́n ti sọ fún Bàbá wa yìí rí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ó lo oògùn fún oṣù méjì. Nígbà tí kò sì sí ibi tí ń dùn ún, ó jáwọ́. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí pàápàá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, a kò ní purọ́.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, tí ojú ẹnì kan wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, tí apá kan já wálẹ̀ nígbà tí ó gbé méjèèjì sókè, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ọsibítù ni kí ẹ gbé e gbà lójú ẹsẹ̀. Oògùn kan wà tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fún aláìsàn náà kí wákàtí mẹ́rin àbọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya fọ́tò inú orí rẹ̀ láti mọ̀ pé iṣan kò bẹ́. Ọ̀pọ̀ ọsibítù wa kò ní oògùn yìí. Síbẹ̀ ẹni tó tètè dé ni a lè tètè ràn lọ́wọ́, yálà oògùn náà wà tàbí kò sí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ bí owó ṣe lọ, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà.

Odidi ni ẹgbẹ́ san ẹ̀yáwó oṣù kẹrin fún ọmọ Bàbá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. A rí rìsíìtì díẹ̀ nínú fáìlì, a sì bi ẹbí léèrè nípa ìyókù. Owó ọkọ̀ tí wọ́n háyà lóru, owó àsansílẹ̀ ibùsùn, fọ́tò inú orí, oògùn, omi tí wọ́n fà sí i lára, oúnjẹ àwọn ẹbí tó wá láti Èkó tí wọ́n sun ilẹ̀ ọsibítù. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí ó ní òun yóò fi ìwẹ̀ kan gbé Bàbá dìde ní ọjọ́ méje. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí ó gbà gbọ́, ìwé ni a ń yẹ̀ wò. Àmọ́ ọjọ́ méje náà ti kọjá. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, owó ti tán pátápátá. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà yìí ni dókítà sọ fún wọn pé ewu ti kọjá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n gbọ́ pé ewu ti kọjá, wọ́n sì rò pé ohun tí ọsibítù lè ṣe ti parí, pé bí Bàbá ti rí yìí náà ni yóò máa rí. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé kí ó máa wà lórí ẹní títí Ọlọ́run yóò fi pè é. Ṣùgbọ́n ní ti àìsàn yìí, ọjọ́ tí ewu kọjá ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Kí aláìsàn má kú ni owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ wà fún. Owó tí yóò jẹ́ kí ó tún máa dá wọ ṣòkòtò rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀ ni a sì ń ná an, fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ìgbìmọ̀ ní oṣù karùn-ún. A ka àkọsílẹ̀ ìpàdé náà, akọ̀wé wọn sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò fi nǹkan pamọ́. Alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹni tí kò lè di àdá mú, kí ni yóò fi san án?" Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró méjì ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò. Ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Owó gbogbo ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe owó alága. Ìyàwó Bàbá, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, lánàá ni ó jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ láìsí ẹni tó dì í mú. Físíò ní kí a fún òun ní oṣù mẹ́fà." Wọ́n bá a fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn yóò yá a lówó kejì, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́fà ni àwọn yóò pín in sí, ẹyọ kan lóṣù kan. Ẹni tó bá wá gba ti oṣù tuntun gbọ́dọ̀ kó rìsíìtì ti oṣù tó kọjá wá. Àwọn ọmọkùnrin Bàbá méjèèjì yóò kórè koko, ilé ìkókópamọ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e wá wọ̀n, kí ẹgbẹ́ lè yọ tirẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni Bàbá lò lórí ibùsùn ọsibítù. Lẹ́yìn náà, ó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ nítòsí ibẹ̀, ó sì ń lọ sí ẹ̀ka físíò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ìrìn-àjò méjìdínlọ́gọ́rin ni, ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ dànù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, níbo ni yóò ti rí owó ọkọ̀ yẹn?

Ní wọ́ọ̀dù, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò jọ iṣẹ́ lójú ẹni tí ń wòran. Wọ́n ń yí i láti ìhà kan sí ìkejì ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán-tòru, kí egbò ìdùbúlẹ̀ má bàa jẹ ẹ̀yìn àti ìdí rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì kò tó, nítorí náà ìyàwó rẹ̀ kọ́ ọ, ó sì ń ṣe é. Wọ́n fi omi ṣíbí kan dán ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní oúnjẹ, nítorí ọ̀fun náà lè rọ, kí omi gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Omi lásán ló máa ń há wọn jù. Ògì tó ki dáadáa, tí a fi ṣíbí bù díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tó jókòó ṣánṣán, ó sàn jù ú lọ. Ẹ má fún ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja ní omi mu, bí ó ti wù kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́ tó.

Wọ́n fi ìrọ̀rí gbé apá tó rọ náà dúró. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí a ti rí i nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn: ẹ má ṣe fa aláìsàn ní apá tó rọ, ẹ má sì fi ọwọ́ há a lábíyá láti gbé e dìde. Iṣan tí ń di èjìká mú ti dẹ̀, èjìká náà lè yẹ̀, ìrora rẹ̀ a sì máa dá iṣẹ́ dúró fún oṣù púpọ̀. Bákan náà ni omi gbígbóná tí a fẹ́ràn láti máa da sí apá tí kò ṣiṣẹ́. Apá náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ gbígbóná mọ́. Aláìsàn kò ní sọ pé ó ń jó òun títí awọ yóò fi bó.

Àwọn kan rò pé bí a bá ti tètè fi ipá gbé aláìsàn rìn kiri ni yóò fi tètè yá. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2015, tí aláìsàn tó lé ní 2,000 wà nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n lò le láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́ kò ṣe dáadáa tó àwọn tí wọ́n rọra mú. Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ náà, ìgbà díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́. Ìjókòó ní etí ibùsùn ni Bàbá fi bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó tó di mẹ́wàá.

Nígbà tí àwa dé ibẹ̀ ní oṣù kẹjọ, Bàbá ti kúrò ní wọ́ọ̀dù, ó wà nínú gbọ̀ngàn físíò. Yàrá náà kò tóbi ju ilé ìpàdé ẹgbẹ́ yín lọ. Irin gbọọrọ méjì wà tí aláìsàn fi ń rìn láàárín wọn, dígí ńlá kan wà lára ògiri, àtẹ̀gùn onígi kan sì wà tí ó ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, tí kò lọ síbì kankan. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú Bàbá kò tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún lójú tiwa. Ó kúnlẹ̀ kí i: "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ogún ìgbà ni a ó dìde lórí àga lónìí." Kò sí oògùn, kò sí abẹ́rẹ́. Kí Bàbá dìde lórí àga, kí ó tún jókòó, kí ó gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún tí ń gbọ̀n, kí ó tún jókòó. Òógùn bo ojú rẹ̀. Nígbà tí ó dé ìkẹrìnlá, ó jókòó, ó yí ojú sí ògiri, kò sì fẹ́ wo ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin náà kò pariwo mọ́ ọn. Ó tún kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, mẹ́fà ló kù." Alága bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Àwa tí a wá yẹ ìwé wò, àwa náà bá wọn kà á.

Ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìyí. Ibi tó ti kú nínú ọpọlọ kò ní jí mọ́. Ibi tó kù láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹni tó lọ. Ó dà bí ìgbà tí àgbàrá bá ya ọ̀nà oko, tí a wá ń gba inú igbó kọjá. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní kò sí ọ̀nà rárá níbẹ̀, ẹsẹ̀ tí ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ ni yóò sọ ọ́ di ọ̀nà, bí a bá sì fi í sílẹ̀ fún òjò kan, koríko á tún bò ó. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ìyípadà máa ń yá jù. Lẹ́yìn náà ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dúró gbagidi ní oṣù kẹfà bí àwọn kan ti ń wí; àwọn mìíràn ṣì ń rí àtúnṣe lẹ́yìn ọdún kan. Ìpara gbígbóná tí a fi ń wọ́ ẹsẹ̀ lè mú ara fúyẹ́ o, ṣùgbọ́n aláìsàn kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tí ń wọ́ ọ ni.

Àwọn ẹ̀kọ́ kéékèèké tí wọ́n kọ́ ìyàwó rẹ̀ wúlò fún gbogbo ilé. Ọwọ́ tó dára ni ó ń di ọ̀pá mú, kì í ṣe ọwọ́ tó rọ. Ọ̀pá ni yóò ṣáájú, ẹsẹ̀ tó rọ yóò tẹ̀ lé e, kí ẹsẹ̀ tó dára wá bá wọn. Bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dára ni kó kọ́kọ́ gòkè; bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó rọ ni kó kọ́kọ́ sọ̀. Bí ó bá ń wọ bùbá, ọwọ́ tó rọ ni kó kọ́kọ́ wọ apá aṣọ. Bí ó bá ń bọ́ ọ, ọwọ́ tó dára ni kó kọ́kọ́ yọ. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ó ṣe é fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ gba ìdajì wákàtí. Èyí ni ó ṣòro jù nílẹ̀ wa, nítorí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé kò ní jókòó kí bàbá rẹ̀ máa bá bùbá jìjàkadì. Àánú yẹn ni ó ń sọ ọ̀pọ̀ àgbà di arọ.

Ti ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó kó ìdààmú bá ẹbí jù. Fún nǹkan bí oṣù méjì, "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ni Bàbá ń wí. Ṣé ebi ń pa yín? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ ti yó? Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ. Omijé ni ó fi dá wọn lóhùn. Nígbà tí ó di ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n dá orin ìjọ nínú wọ́ọ̀dù, Bàbá sì kọ ọ́ já, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé. Ó tún lè ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta títí dé ẹẹ́wàá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá na ọsàn mẹ́ta sí i, kò lè wí pé mẹ́ta. Ohun tí a ti mọ̀ lórí láti kékeré ń gba ọ̀nà mìíràn jáde nínú ọpọlọ. Àwọn tí ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ mọ èyí, wọ́n sì ń lò ó, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ nílẹ̀ wa. Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n kọ́: òun yóò bẹ̀rẹ̀ ìṣírò, yóò dákẹ́ lórí ẹẹ́rin, Bàbá yóò parí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé orí orúkọ àwọn ọmọ.

Ẹ má sì fojú kékeré wo ìbànújẹ́. Nínú ẹni mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ kọlù, bí ẹnì kan ni ọkàn rẹ̀ máa ń rẹ̀ débi pé kò ní fẹ́ jẹun, kò ní fẹ́ ṣe iṣẹ́ físíò rẹ̀. Àìsàn ni ìyẹn náà, dókítà ní oògùn fún un. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ìmọ̀ pé a lè gbé àgbàlagbà tó ti dùbúlẹ̀ pẹ́ dìde kò pẹ́ láyé tó bí ẹ ti rò. Ní ọdún 1935, ní West Middlesex ní England, wọ́n fi ilé àwọn aláìní kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù sábẹ́ ìtọ́jú dókítà obìnrin kan, Marjory Warren. Aláìsàn tó lé ní 700 ni ó bá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti wà lórí ibùsùn fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ẹni tó ń retí ohun kan lọ́dọ̀ wọn. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a ń yẹ lẹ́jà wò, ó sì rí i pé ibùsùn náà ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di aláìlera ju àìsàn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn dìde, púpọ̀ nínú wọn sì padà sílé. Ọdún 1935 yìí kan náà ni a ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A kàn rántí rẹ̀ ni. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, ibùdó ìtọ́jú àwọn sójà tó fara pa nínú ogun Hitler ni a sọ di ọsibítù eegun ní Ìgbóbì ní Èkó ní 1945, Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè físíò ní 1966. Ọmọbìnrin tó ń kúnlẹ̀ fún Bàbá kì í ṣe ẹni tó kàn mọ ara wọ́. Ẹ̀kọ́ ọdún púpọ̀ ni.

Ẹ ó béèrè ìbéèrè wa. A kò fagi lé e lọ́jọ́ náà. Òfin ni òfin: a ní kí wọ́n gbé ẹ̀yáwó tó kọjá ààlà náà wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì ṣe òfin kan sílẹ̀ fún irú rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ ojú rere alága ni aláìsàn yóò máa wò. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejìlá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà, èyí tí a fẹ́ kí ẹ̀yin náà rò ní ìgbìmọ̀ yín, ni pé kí a dá ẹ̀yáwó àìsàn sí méjì láti ìbẹ̀rẹ̀: ìdá kan fún ìgbà ewu, kí a san án lẹ́ẹ̀kan, ìdá méjì fún ìgbà iṣẹ́, kí a máa san án lóṣooṣù pẹ̀lú rìsíìtì, kí ẹnikẹ́ni má sì lè gbà á ṣáájú, ìbáà jẹ́ àkọ́bí aláìsàn. Bí ìwé òfin yín bá gba àpò ìrànlọ́wọ́ láyè, ibẹ̀ ni kí owó ọkọ̀ sí físíò ti máa wá. Ẹ sì bi ọ́fíìsì ìṣègùn adójútòfò ti ìpínlẹ̀ yín léèrè bí ẹgbẹ́ ṣe lè forúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lápapọ̀. Òfin ọdún 2022 ti sọ pé kí olúkúlùkù ní irú ààbò yìí, ṣùgbọ́n òfin kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé ẹni.

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ dára tán. Koko ọdún náà kò tó bí wọ́n ti rò. Onídùúró tó fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ni ó san ti oṣù mẹ́ta lápò ara rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún wa lójú Bàbá, kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá kò padà bọ̀ sípò bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti padà; ọwọ́ a máa pẹ́ jù, òmíràn kò sì ní bọ̀ sípò tán láé. Kò lè di àdá mú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń dá oko, òun ń jókòó lórí àpótí níbi tí wọ́n ti ń sá koko, ó ń yọ èyí tó ti bu kúrò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ojoojúmọ́ ni báyìí, yálà nǹkan ń dùn ún tàbí kò dùn ún.

Ní ìpàdé gbogbogbòò oṣù kejì ọdún 2024, a rí i tí ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lójú títì, tí ó sì fi ọ̀pá rìn wọ inú gbọ̀ngàn: ọ̀pá, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Ìdá kan nínú mẹ́rin gbèsè náà ni ó ṣẹ́ kù nígbà yẹn. A mú káàdì ìbuwọ́lù tuntun jáde fún un. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé eteetí káàdì náà kí ó má bàa sún, ó sì fi ọwọ́ òsì mú bírò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, akọ̀wé ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Nígbà tí ó kọ orúkọ rẹ̀ tán, ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ìlà náà wọ́ díẹ̀. A fi káàdì náà sínú fáìlì, a sì fagi lé ìbéèrè ọdún 2022.